Obìnrin wo ló kọ́kọ́ di lọ́yà nílẹ̀ wa? Ọ̀rọ̀ ti dìjà nílé mi o

Ìyá Ìbejì Òkè-Àdó

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi parí ìjà kan. Ọmọbìnrin mi tó wà ní JSS 3 gbé iṣẹ́ àmúrelé bọ̀ láti ilé ìwé. Tíṣà wọn ní kí wọ́n kọ ojú ewé méjì nípa obìnrin àkọ́kọ́ tó di lọ́yà ní Nàìjíríà. Mo ní, "Èyí ò le, Ìyá wa Fọlákẹ́ Ṣólańkẹ́ ni." Bàbá wọn náà ní bẹ́ẹ̀ ni. Àfi bí àbúrò ọkọ mi tó wá kí wa láti Èkó ṣe lanu, tó ní irọ́ la ń pa fọ́mọ, pé obìnrin kan tó ń jẹ́ Stella Thomas ti di lọ́yà nígbà tí Fọlákẹ́ Ṣólańkẹ́ ṣì wà lẹ́yìn ìyá wọn. Ọkọ mi ní òun ò gbọ́ orúkọ yẹn rí. Èmi náà ò gbọ́ ọ rí. Ọmọ wá jókòó sáàárín wa, ó mú bírò dání, ó ń wo ẹnu wa bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù.

Ta ló jàre? Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n máa gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó

Àbúrò ọkọ yín ló jàre. Ẹ se adìẹ fún un.

Akẹ́kọ̀ọ́ Òfin

Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà, torí "àkọ́kọ́" pọ̀. Ìyá Fọlákẹ́ Ṣólańkẹ́ ni obìnrin àkọ́kọ́ tó gba oyè SAN (Senior Advocate of Nigeria, oyè ńlá àwọn lọ́yà), ọdún 1981 nìyẹn. Iṣẹ́ tíṣà ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe, ìṣirò àti èdè Látìn ni wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ, àwọn ọdún 1960 ni wọ́n tó wá yà sí òfin. Obìnrin àkọ́kọ́ tó di jọ́ọ̀jì ní kóòtù gíga ni Ìyá Modúpẹ́ Ọmọ-Eboh, 1969. Obìnrin àkọ́kọ́ tó di adájọ́ àgbà fún gbogbo Nàìjíríà ni Aloma Mukhtar, 2012. Ṣùgbọ́n lọ́yà lásán, ẹni tó kọ́kọ́ wọ aṣọ dúdú yẹn nínú gbogbo wọn, Stella Thomas ni. 1933 ni wọ́n pè é sẹ́nu iṣẹ́ ní Middle Temple, ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ tó ń pe èèyàn sí iṣẹ́ lọ́yà ní Lọ́ńdọ̀nù. 1932 ni wọ́n bí Ìyá Ṣólańkẹ́. Torí náà "lẹ́yìn ìyá wọn" tí àbúrò ọkọ yín wí yẹn, òótọ́ pọ́nńbélé ni.

Onígègé

Ìyá Ṣólańkẹ́ tí ẹ ń wí yẹn, ọmọ bàbá tó ṣe Alábùkún ni o! Jacob Odùlàtẹ̀ ti Abẹ́òkúta. Alábùkún tí gbogbo wa ń pò mu bí orí bá ń fọ́ wa. Mo kàn ní kí n sọ ọ́ ni.

Ìyá Ìbejì Òkè-Àdó

Háà! Èyí náà ó wọ inú iṣẹ́ àmúrelé, ẹ ò lè yọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ sọ ti Stella fún mi, mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́.

Tíṣà Ìtàn

Ẹ jẹ́ kí n bá ọmọ náà kó o jọ.

Èkó ni wọ́n bí Stella Jane Thomas sí, ní 1906. Bàbá rẹ̀, Peter John Claudius Thomas, jẹ́ oníṣòwò pàtàkì tó ti Sàró (Sierra Leone) wá, òun sì ni èèyàn dúdú àkọ́kọ́ tó ṣe olórí ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò ńlá l'Ékòó. Owó wà nílé náà, mi ò ní fi bò. Ká ní ọmọ apẹja ni, bóyá la ó máa sọ ìtàn rẹ̀ lónìí.

Freetown ni wọ́n rán an lọ láti kàwé, sí Annie Walsh Memorial School. Ẹ lè béèrè pé kí ló dé tí wọn ò fi í sílé ìwé l'Ékòó. Ilé ìwé ọmọbìnrin wà l'Ékòó lóòótọ́, ṣùgbọ́n Annie Walsh ti wà láti 1849, òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri etíkun, ibẹ̀ sì ni àwọn ìdílé Sàró máa ń rán ọmọbìnrin wọn lọ. Queen's College tí ẹ mọ̀ ní Yábàá yẹn, 1927 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Stella ti pé ọmọ ọdún 21 nígbà yẹn.

Ẹ tún wá wo ọ̀rọ̀ òfin fúnra rẹ̀. Títí di 1919, kò sí obìnrin tó lè ṣe lọ́yà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ì báà jẹ́ òyìnbó tí ara rẹ̀ funfun báláú. Òfin tí wọ́n ṣe ní ìparí ọdún yẹn ló ṣí ilẹ̀kùn. Ní 1922 ni wọ́n pe Ivy Williams, òyìnbóbìnrin àkọ́kọ́. Ọdún 11 péré lẹ́yìn rẹ̀ ni Stella Thomas wọlé, obìnrin Áfíríkà àkọ́kọ́ tí wọ́n pè sí iṣẹ́ lọ́yà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí mo fẹ́ kí ọmọ náà rí ni pé àwọn òyìnbóbìnrin ò tíì rìn jìnnà lójú ọ̀nà náà nígbà tó bá wọn. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ṣì wà.

Lọ́dọ̀ tiwa ńkọ́? Christopher Sapara Williams ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di lọ́yà, 1879. Ọdún 54 kọjá kí obìnrin tó tẹ̀ lé e.

Gbólóhùn Kan

Mo dúpẹ́, Tíṣà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Thomas. Bàbá ti Sàró wá. Ilé ìwé ní Freetown. Kí ló wá kan Yorùbá níbẹ̀? Ọmọ ọlọ́mọ lẹ fẹ́ fi tọrọ ọ̀wọ̀.

Sàró Olówógbowó

Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra. Ọmọ ọlọ́mọ wo?

Ṣé ẹ mọ ẹni tí wọ́n ń pè ní Sàró ṣá? Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú ni, nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé tú, tí Òwu tú, tí àwọn ìlú Ẹ̀gbá tú. Wọ́n kó wọn sọ́kọ̀ ní Èkó àti Àgbádárìgì, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà wọ́n lójú agbami, ó kó wọn lọ sí Freetown. Àjàyí Crowther wà lára wọn, 1822 ni tirẹ̀. Àwọn èèyàn Freetown ń pe àwọn ará wa ní Akú, torí pé gbogbo ìgbà ni "ẹ kú" wà lẹ́nu wọn: ẹ kú àárọ̀, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ewu. Láti 1839 ni wọ́n ti ń wọkọ̀ padà wálé, sí Àgbádárìgì, sí Abẹ́òkúta, sí Èkó. Olówógbowó tí mo fi ń jẹ́ orúkọ níbí, àdúgbò wọn ni.

Thomas, Williams, Johnson, Cole, orúkọ ìsàmì ni wọ́n. Sapara Williams tí Tíṣà ṣẹ̀ṣẹ̀ dárúkọ, Sàró ni wọ́n bí i sí. Ẹ lọ sọ fún àwọn ará Iléṣà pé kì í ṣe tiwọn, kí ẹ sì padà wá sọ ohun tí wọ́n fojú yín rí fún wa.

Ìyá ìyá mi ń sọ Krio sí ajá, ó ń sọ Yorùbá sí àwa ọmọ, ó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì sí Ọlọ́run. Èwo ni kí n sọ pé kì í ṣe tirẹ̀ níbẹ̀?

Gbólóhùn Kan

Ó ti tó, mo ti gbọ́. Mo tọrọ gáfárà. Ṣùgbọ́n àwọn ará Sàró náà á ní tàwọn ni, àbí wọn ò ní wí bẹ́ẹ̀?

Sàró Olówógbowó

Wọ́n lè wí bẹ́ẹ̀, wọn ò jayò pa. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ọmọ tiwọn tí wọ́n máa ń gbé lárugẹ, Frances Wright. Gray's Inn, ẹgbẹ́ lọ́yà mìíràn ní Lọ́ńdọ̀nù, ló pe ìyẹn, 1941. Ọdún 8 lẹ́yìn Stella. Ẹni tó bá wà láàárín ilé méjì ló máa ń rí i pé ilé méjèèjì gbàgbé òun. Bó ṣe rí fún Stella nìyẹn.

Ajíbádé Peckham

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ yìí fà mí jáde.

Peckham ni mò ń gbé, gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, ibi tí ẹ ti lè ra ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti ìgbín láìsọ Gẹ̀ẹ́sì ẹyọ kan. Bọ́ọ̀sì tí mò ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ máa ń gba Queen's Road kọjá. Ilé kan wà níbẹ̀ tí wọ́n lẹ àwo búlúù mọ́ ògiri rẹ̀. Mo ti ń kọjá níbẹ̀ tipẹ́ kí n tó sọ̀ kalẹ̀ lọ́jọ́ kan lọ kà á. Ilé Harold Moody ni, dókítà ọmọ Jàmáíkà. Ní 1931 ló dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tó ń jẹ́ League of Coloured Peoples, láti gbèjà àwọn èèyàn dúdú nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: ẹni tí wọn ò fún nílé gbé, ẹni tí wọn ò gbà síṣẹ́ nítorí àwọ̀. Stella Thomas wà lára àwọn tó bá a dá a sílẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ni nígbà yẹn o! Ó tún wà nínú WASU, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà tí Ládípọ̀ Ṣólańkẹ́ ọmọ Abẹ́òkúta dá sílẹ̀ ní 1925.

Kò mọ síbẹ̀. Una Marson, akéwì tó ti Jàmáíkà dé tó sì ń gbé lọ́dọ̀ Moody, kọ eré orí ìtàgé kan. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fúnra wọn ló ṣe é ní 1933. Stella wà lára àwọn òṣèré. Ọdún tí wọ́n pè é di lọ́yà náà ni.

Mo máa ń rò ó bí mo bá jókòó sínú bọ́ọ̀sì. Obìnrin kan láti Èkó, òtútù, ìwé òfin nípọn bí búlọ́ọ̀kù, tó tún ń ráyè kọ́ ọ̀rọ̀ eré sórí.

Ìyá Ìbejì Òkè-Àdó

Ọmọ mi ní kí n béèrè: ṣé lọ́yà lè máa ṣeré tíátà ni?

Agbẹjọ́rò Àdúkẹ́

Ẹ sọ fún un pé iṣẹ́ kan náà ni. Wíìgì nìkan ló yàtọ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Òfin

Ẹ dúró, ẹ ò tíì gbọ́ èyí tó dùn mọ́ mi jù.

Ní 1934, Margery Perham, òyìnbóbìnrin tí wọ́n kà sí onímọ̀ ńlá lórí bí wọ́n ṣe ń ṣàkóso Áfíríkà, sọ̀rọ̀ ní Royal Society of Arts ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀rọ̀ lórí ètò tí Lugard, òyìnbó tó ṣe gómìnà ilẹ̀ wa, gbé kalẹ̀ ni, èyí tí òyìnbó fi ń jókòó sẹ́yìn ọba kí wọ́n tó pàṣẹ fún ìlú. Nígbà tí wọ́n ní kí èèyàn dá sí i, Stella Thomas dìde. Òun nìkan ni obìnrin Áfíríkà tó sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ó sì bẹnu àtẹ́ lu ètò náà.

Ẹni tí kì í bá ṣe lọ́yà lè má mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ Lugard fi ń ta lọ́yà lára. Lugard ò fẹ́ràn lọ́yà rárá. Nígbà tó tún ètò kóòtù ṣe ní 1914, ó ṣe é pé kí lọ́yà má lè yọjú sí kóòtù tí wọ́n dá sílẹ̀ ní àwọn ẹkùn ìlú òkè. Ẹ rò ó wò. Wọ́n lè wọ́ ọ lọ síwájú òyìnbó kan tó jẹ́ pé òun náà ni ọ̀gá ìlú, òun náà ni adájọ́, kò sì sẹ́ni tó máa bá ọ sọ̀rọ̀. Kí ẹ tó kúrò ní Èkó wọ Abẹ́òkúta, ẹ̀tọ́ láti gba lọ́yà ti já sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ ló wà fún ọdún bí 20. Gómìnà Donald Cameron ló tú u ká, pẹ̀lú àwọn òfin kóòtù tuntun ti 1933.

1933! Ọdún tí wọ́n pe Stella náà ni. Kì í ṣe òun ló fà á, mi ò wí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó máa fi dé Èkó, ilẹ̀kùn tí Lugard tì ti ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣí.

Bàbá Rẹ́mọ

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ, ẹ̀yin ọmọ mi. Àgbà ò ní í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́, ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún un.

Ètò Lugard tí ọmọ yìí sọ, àwọn Ẹ̀gbá mọ̀ ọ́n lára. Ogun Àdúbí ti 1918, òun ló bí i. Owó orí, iṣẹ́ ọ̀nà àfipáṣe, àti ọba tí wọ́n ti sọ di akọ̀wé òyìnbó. Èkó náà rí tirẹ̀: Elékòó Èṣùgbàyí, ọba Èkó, tí ìjọba lé lọ sí Ọ̀yọ́ ní 1925. Lọ́yà ló gba ìyẹn sílẹ̀ o! Wọ́n gbé ẹjọ́ náà kọjá òkun dé ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ adájọ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n borí ní 1931, Elékòó sì padà sílé lọ́dún yẹn. Ẹni tó bá jẹ́ ọmọ Èkó tó sì ń kọ́ òfin ní Lọ́ńdọ̀nù lásìkò yẹn, kò lè máa rò pé eré ni òfin.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó

Bàbá, ẹ ṣé.

Nígbà tí Stella délé, Òpópónà Kakawa ló ṣí ọ́fíìsì sí. Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ Èkó, ẹ jẹ́ kí n mú yín débẹ̀. Tí ẹ bá ti Marina bọ̀ tí ẹ dojú kọ Broad Street, ó wà láàárín méjèèjì, ọ̀nà tóóró, ilé àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé wà níbẹ̀ nígbà náà, àwọn ilé tí wọ́n fi ọnà sí lójú fèrèsé. Ilé Omi wà níbẹ̀, ti ìdílé Da Rocha, ilé tí wọ́n ti ń ta omi kànga fún ará Èkó nígbà tí omi ẹ̀rọ ò tíì dé. Báńkì ló kún ibẹ̀ nísinsìnyí. Èmi gan-an ṣiṣẹ́ lọ́dún mẹ́ta ní ọ̀kan nínú wọn, mò ń jẹ ìrẹsì ọ̀sán lórí àtẹ̀gùn, n ò mọ̀ pé ibẹ̀ ni obìnrin àkọ́kọ́ ti gbé àga kalẹ̀ tó ní kí ẹlẹ́jọ́ máa bọ̀.

Gbogbo ẹjọ́ ló ń gbà: ọ̀daràn, ọ̀rọ̀ ìdílé, ohun tó bá sáà ti wọlé.

Agbẹjọ́rò Àdúkẹ́

Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn ni mo fẹ́ dá dúró lé. Gbogbo ẹjọ́. Ẹ ò mọ bó ṣe tó.

Ọdún kẹrìndínlógún mi rèé lẹ́nu iṣẹ́. Lọ́dún kìíní, mo wọ kóòtù kan, mi ò ní dárúkọ rẹ̀, mo wọ aṣọ dúdú, mo so kọ́là funfun, wíìgì wà lórí mi. Akọ̀wé kóòtù wò mí, ó ní, "Àǹtí, ẹ lọ pe lọ́yà yín wá, wọ́n máa tó pe ẹjọ́ yín." Mo ní èmi ni lọ́yà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun mọ̀, lọ́yà tó ni fáìlì lòun ń wí. Oníbàárà kan tún wà, ẹjọ́ ilẹ̀ ló gbé wá. Ó gbọ́ gbogbo ohun tí mo sọ, ó dúpẹ́, ó wá rọra bi mí pé, "Ẹ̀yin ìyàwó wa, ṣé ọkùnrin kankan ò sí ní ọ́fíìsì yín ni?" Kò fi bú mi o. Ó ń bẹ̀rù fún ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ni.

Tí wọ́n bá ń sọ ìyẹn fún mi lẹ́yìn tí lọ́yà obìnrin ti pọ̀ bí èèrùn, kí ni wọ́n ń sọ fún ẹni tó dá wà ní Kakawa? Kò sí ẹ̀gbọ́n tó máa wọlé tọ̀. Kò sí ẹni tó máa sọ fún un pé, "Adájọ́ yìí, má fún un lésì lójú ẹsẹ̀, jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán." Kódà níbi tí yóò ti pààrọ̀ aṣọ, àwọn ọkùnrin ló kún ibẹ̀.

Èmi máa ń rò pé èyí tó ṣòro fún un kọ́ ni ìwé kíkà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọjọ́ Ajé kejì tó dé ọ́fíìsì, tí àwọn tó wá yọ̀ fún un ní ọjọ́ Ajé kìíní ti lọ, tó wá ku òun àti àga.

Onígègé

Ọ̀rọ̀ yìí gún mi. Ìyàwó mi ò ṣe lọ́yà, ṣùgbọ́n ó ń tún ẹ̀rọ jẹnẹrétọ̀ ṣe. Ìbéèrè yẹn gan-an ni: "Ọ̀gá yín dà?"

Bàbá Rẹ́mọ

Ẹ má gbàgbé 1943. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti wá le gan-an.

Ogun Hitler ń lọ lọ́wọ́. Àbúrò Stella kan náà wà nínú rẹ̀. Peter Thomas wọṣẹ́ ológun òfúrufú àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ó di ọ̀gágun awakọ̀ bàlúù níbẹ̀, jàǹbá bàlúù ló sì pa á ní 1945. L'Ékòó, ìjọba ti fi iye lé oúnjẹ lábẹ́ òyìnbó kan tó ń jẹ́ Pullen. Ìyá mi ń gbé gààrí láti Ìjẹ̀bú lọ sí Èkó lásìkò náà, títí tó fi kú ni "Pullen" jẹ́ èébú lẹ́nu rẹ̀. Tó bá fẹ́ sọ pé ẹnì kan láhun, á ní, "Pullen paraku." Alimọ́tù Pẹlẹ́wúrà kó àwọn ìyá ọjà jọ, wọ́n ní àwọn ò gbà. Obìnrin àti ìjọba ń wojú ara wọn kòrókòró.

Àárín ìyẹn ni ìjọba mú Stella Thomas, tí wọ́n fi jẹ májísíréètì. Obìnrin àkọ́kọ́ ní gbogbo ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà. Kóòtù Ìkẹjà ni wọ́n fún un, ó sì ń bójú tó Mushin, Agége, Ìkòròdú títí dé Ẹ̀pẹ́. Ẹ má fi ojú Ìkẹjà òní wò ó. Oko ni ọ̀pọ̀ ibẹ̀ nígbà náà. Agége, obì àti kòkó. Ẹ̀pẹ́, ẹja. Àwọn tó ń wá síwájú rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ògbufọ̀ ló ń dúró sí àárín.

Gbólóhùn Kan

Ẹ jẹ́ kó yé mi dáadáa. Àgbẹ̀ kan láti Agége tó ní ìyàwó mẹ́rin nílé, tó jẹ́ pé òun ló ń dájọ́ fún gbogbo wọn, ó wá dé kóòtù, ó bá obìnrin lórí àga gíga, wọ́n ní kó dọ̀bálẹ̀?

Bàbá Rẹ́mọ

Wọn kì í dọ̀bálẹ̀ ní kóòtù, ọmọ mi. Wọ́n á ní kó dìde dúró, kó ṣí fìlà. Ṣùgbọ́n o ti mọ ibi tí bàtà ti ta á lẹ́sẹ̀.

Sàró Olówógbowó

Ọdún tó tẹ̀ lé e, 1944, ló fẹ́ Richard Bright Marke, ọmọ Freetown, ẹni tó wà nínú ìgbìmọ̀ ìlú níbẹ̀. Ó wá di Stella Marke. Ní tèmi, ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ti fọ́ sí méjì. Ẹni tó bá ń wá Thomas á bá a dé 1944, á ní ó ti pòórá. Ẹni tó bá ń wá Marke ò ní mọ ọmọbìnrin tó dìde sọ̀rọ̀ lórí Lugard. Ó kú ní 1974.

Agbẹjọ́rò Àdúkẹ́

Ọ̀rẹ́ mi, ẹ má di gbogbo ẹrù lé ìgbéyàwó lórí. Àwọn ọkùnrin ìgbà rẹ̀ tí wọ́n ò pààrọ̀ orúkọ, mélòó ni ẹ lè kà? Ẹni tó bá dá ẹgbẹ́ òṣèlú sílẹ̀ la ń rántí, ẹni tí wọ́n lẹ àwòrán rẹ̀ mọ́ owó. Májísíréètì tó jókòó láàárọ̀ títí dalẹ́, tó ń gbọ́ ẹjọ́ ewúrẹ́ tó jẹ gbágùúdá, kò sí ère fún un.

Sàró Olówógbowó

Mo gbà, àmọ́ díẹ̀ ni. Ọkùnrin Thomas á ṣì máa jẹ́ Thomas nínú gbogbo ìwé.

Ajíbádé Peckham

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé, ṣé a lè rí àwọn ìwé ẹjọ́ rẹ̀? Màá fẹ́ ka ohun tó kọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí adájọ́. Kódà kó jẹ́ ẹjọ́ ewúrẹ́ yẹn.

Akẹ́kọ̀ọ́ Òfin

Ẹ̀gbọ́n, ẹ rántí pé Ìgbòṣeré jó. Oṣù kẹwàá 2020, nígbà rògbòdìyàn lẹ́yìn EndSARS, ilé ẹjọ́ gíga tó ti pẹ́ jù yẹn jóná. Mo débẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Fáìlì tó jó kù sílẹ̀ rí bí ẹ̀kọ yangan tó gbẹ mọ́ ìkòkò.

Onígègé

Ilé ọba tó jó…

Akẹ́kọ̀ọ́ Òfin

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má parí òwe yẹn. Ilé ni ẹwà lè bù sí. Ìwé tó bá jó, ó jó náà ni.

Tíṣà Ìtàn

Ìwé ìròyìn ìgbà náà ṣì wà, ní ilé ìwé ńlá Yunifásítì Ìbàdàn àti ní ibi ìkówèésí ìjọba tó wà nínú ọgbà yunifásítì yẹn kan náà. Ìyá Ìbejì, Òkè-Àdó lẹ wà, kò jìnnà sí yín. Ẹ mú ọmọ náà dání tí wọ́n bá gba ìsinmi. Iṣẹ́ àmúrelé ọjọ́ Ẹtì ò lè dúró de ìyẹn, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ó rí bí ìwé ìròyìn 1943 ṣe ń rùn.

Ìyá Ìbejì Òkè-Àdó

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́rin, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ní kí n padà wá jábọ̀.

Ọmọ ti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ojú ewé méjì tí wọ́n ní kí ó kọ ti di márùn-ún. Ìlà àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyí, mo dà á kọ bó ṣe wà: "Obìnrin tí mo fẹ́ kọ nípa rẹ̀, bàbá mi ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí." Bàbá rẹ̀ ní kí ó yọ ọ́. Ó ní òun ò yọ ọ́, pé òótọ́ ni. Wọ́n fà á títí, bàbá wá ní tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ó kọ "àti ìyá mi náà" kún un. Ó kọ ọ́. Ó fi Peckham sí i, ó fi Kakawa sí i, ó fi Pullen sí i. Alábùkún wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ó ní bóyá orí á máa fọ́ tíṣà bí ó bá kà á dé ojú ewé kẹrin. Ó wá bi mí bí wọ́n ṣe ń pe Marke. Mo ní kó béèrè lọ́wọ́ àbúrò bàbá rẹ̀ tó mọ gbogbo nǹkan.

Ìyẹn ò tíì padà sí Èkó o. Ó ti ka ohun tí Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó kọ sókè lọ́hùn-ún, láti àná ló ti ń ka á sí mi létí. Adìẹ wà lórí iná bí mo ṣe ń kọ èyí. Ó ní itan méjèèjì ni tòun.